Ẹni Tí Eyín Rẹ̀ Pé

Ọkùnrin mẹ́wàá ni Olóyè Odera ní kí wọ́n kó lọ sí ìlú Kisumu láti lọ ṣe ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó. Àwọn mẹ́sàn-án fẹ́ ẹ. Ẹni kẹwàá ni Obuya, òun kò sì fẹ́ ẹ rárá.

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Orí àká ọkà bàbà rẹ̀ ló wà, tó ń bu koríko lé e, nígbà tí ìránṣẹ́ olóyè ń kọjá lọ. Ẹni tó yẹ kó ṣe ìkẹwàá ti sá wọ inú esùsú létí adágún. Ìránṣẹ́ náà gbójú sókè, ó rí Obuya, ó ní, "Ìwọ, sọ̀ kalẹ̀." Obuya sì sọ̀ kalẹ̀. Kì í bá ẹni tó bá ń pàṣẹ jiyàn. Láti kékeré lẹ̀rù ti máa ń bà á. Ó ń bẹ̀rù ìjì, ó ń bẹ̀rù akọ màlúù, ó ń bẹ̀rù ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, ewú ti ń yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, ẹ̀rù ọ̀hún kò sì dín.

Ọlọ́pàá gan-an ló ń bẹ̀rù jù. Àwọn ló ń wá gba owó orí ilé, àwọn ló sì ń tú òrùlé ẹni tí kò bá rí i san. Bí wọ́n bá mú un, ó di ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tún fojú kan Aluoch ìyàwó rẹ̀. Oyún Aluoch ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀, òjò ti ń ṣú, oko kò sì tíì rí ọkọ́. Nítorí náà, ní gbogbo ojú ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ni Obuya ń tọrọ nínú ara rẹ̀: kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kó ní kò wúlò, kó dá a padà sílé.

"Fọkàn balẹ̀," Magak sọ fún un. Magak ga, èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn, òun ló sì ń yọ eyín fún gbogbo agbègbè wọn. "Wọn ò lè mú ẹ. Ta ló fẹ́ ọlọ́pàá tó ń sá fún ewúrẹ́?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Inú Obuya dùn. "Kó rí bẹ́ẹ̀ o," ló wí.

Ọ̀rọ̀ eyín yìí ni kí n tètè sọ. Láàárín àwọn Luo, ẹ̀yà tiwọn, bí ọmọ bá ti ń di géńdé, wọ́n á yọ eyín iwájú mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ké ti di ọkùnrin nìyẹn. Nígbà tó kan Obuya, ó ṣe bí ẹni ń ṣàìsàn nílé ìyá ìyá rẹ̀ títí àsìkò fi kọjá, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Eyín rẹ̀ pé títí dòní. Ètè ló máa ń fi bò ó, bí èèyàn ṣe ń fi aṣọ bo egbò. Bí ọ̀rọ̀ bá pa á lẹ́rìn-ín láwùjọ, á yíjú sẹ́yìn.

Ní Kisumu, wọ́n ní kí wọ́n bọ́ra sí ìhòòhò nínú yàrá kan tó ń rùn bí ọṣẹ. Dókítà òyìnbó tó wà níbẹ̀ kò tíì pẹ́ tó sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Oòrùn ti bó imú rẹ̀. Feruzi, ará etí òkun tó máa ń dé fìlà pupa, ni ògbufọ̀ rẹ̀.

Magak ló kọ́kọ́ wọlé. Dókítà wọn gíga rẹ̀, ó wọn àyà rẹ̀, ó ń gbá a léjìká pẹ̀pẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "La ẹnu." Magak la ẹnu. Dókítà fò sẹ́yìn.

"Eyín dà?"

"Wọ́n yọ ọ́ ni, ọ̀gá," Feruzi dáhùn. "Àṣà wọn ni."

"Àṣà kẹ̀? Ta ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ yọ eyín tó dá ṣáká? Àrùn nìyí. Bísíkíìtì tí ọlọ́pàá ń jẹ lójú ọ̀nà le bí òkúta, kí ló fẹ́ fi bù ú jẹ?"

"Ẹ fún un ní egungun, ọ̀gá, kẹ́ ẹ wo…"

"Bọ́ síta! Ẹlòmíì!"

Ẹni kejì wọlé, ó la ẹnu. Àlàfo. Ẹni kẹta, àlàfo. Nígbà tó di ẹni karùn-ún, dókítà ti fi áńkáṣífì bo imú, ó sì ní kí wọ́n da omi oògùn sílẹ̀ yàrá. "Ó ń ràn!" ló ń pariwo. "Gbogbo abúlé náà ló ti kó o!"

Obuya ń gbọ́ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò tètè yé e. Nígbà tó yé e pé ẹni tí eyín rẹ̀ pé ni wọ́n máa mú, ó pa ètè rẹ̀ méjèèjì dé gbọin-in.

Nígbà tó kàn án láti wọlé, ó gbìyànjú o, kò ṣe kò gbìyànjú. Ó ní òun ti dàgbà. Dókítà ní àgbàlagbà ló ń ní làákàyè. Ó wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ kú. Dókítà ní ikọ́ náà ki, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lágbára. Wọ́n gbé irin tútù lé e láyà, ọkàn rẹ̀ ń lù kìì, kìì, kìì, nítorí ẹ̀rù irin náà. Dókítà yọ rọ́bà kúrò létí, ó wo Feruzi, ó ní, "Ọkàn akọni nìyí!"

Obuya ní òun kò gbọ́ràn. Ṣíbí kan já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó fò sókè. Ó ní òun kò ríran. Nígbà náà gan-an ni ajá dókítà yọ lókèèrè láàárín pápá. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí i, Obuya ti wà lórí tábìlì.

"Ojú rẹ̀ mú," dókítà wí, "ó sì mọ fífò."

Ó ku ẹnu. Obuya kọ̀, kò là á. Feruzi di imú rẹ̀ pọ̀, ó ń fi èdè Luo sọ ọ́ sí i létí pé, "Bàbá, ẹ là á jàre, ebi ń pa mí." Èémí tán, ẹnu là. Dókítà tẹjú mọ́ ọn títí. Omi lé sí i lójú. Ó fi ìka kan àwọn eyín náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó pé," ló wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo rẹ̀ pé."

Ó bọ Obuya lọ́wọ́. Ó ní kó padà wá lọ́sàn-án láti búra, kó sì gba aṣọ kákí.

Abẹ́ igi lẹ́yìn yàrá náà làwọn mẹ́sàn-án jókòó sí láìtíì wọ aṣọ, ojú wọn le. Obuya lọ bá wọn, ó ń sunkún.

"Wò ó," ọ̀kan nínú wọn wí. "Ojo tó sá fún irin ìyọyín! Òun ló yege!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Magak wí. Ó ronú díẹ̀. "Obuya, ṣé o fẹ́ iṣẹ́ yìí?"

"Rárá o! Mo fẹ́ lọ sílé."

"Àwa fẹ́ ẹ. Eyín mẹ́fà péré tó wà lẹ́nu rẹ ló dí gbogbo wa lọ́nà." Ó fa àpò irin ìyọyín rẹ̀ mọ́ra. "Bí ìwọ náà bá di akáyín, dókítà kò ní í rẹ́nì kankan mú. Ìjọba ṣáà fẹ́ ọlọ́pàá. Á gbà wá tipátipá. Ìwọ tí ẹnu rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀, á lé ẹ lọ bá ìyàwó rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dára, ó tọ́ lójú Obuya pàápàá. Ó ronú nípa Aluoch, bó ṣe máa gbé oyún nínú, táá tún gbé ọkọ́ lọ́wọ́. Ó nu ojú.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ yọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló dùbúlẹ̀, tó gbé orí lé itan ẹnì kan. Òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu. Magak mú irin pẹlẹbẹ jáde, ó nù ún, ó ní, "O ti di ọkùnrin tán, ọ̀rẹ́ mi. Kékeré báyìí ló kù." Ó ki irin náà bọ ẹnu rẹ̀. Ó kan erìgì.

Ara Obuya ló dìde. Òun kọ́ o, ara rẹ̀ ni. Kó tó mọ̀, ó ti ń sáré.

"Ẹ mú un!" Magak ké. "Obuya! Ìyàwó rẹ! Rántí ìyàwó rẹ!"

Ó ń rántí rẹ̀, ó sì ń sá. Ó gba àárín adìyẹ kọjá, ó fo ìkòkò ẹ̀kọ, ó yí òpó àsíá ká, àwọn mẹ́sàn-án ń lé e bọ̀ tìhòòhò-tìhòòhò. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀. Ó kó wọ ibẹ̀, ó sì dì mọ́ orúnkún dókítà.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!"

"Kí ló wí?" dókítà bèèrè.

Feruzi wo Obuya. Ó wo àwọn tó ń bọ̀. Ó wo oúnjẹ rẹ̀ tó ti tutù.

"Ó ní òun ò lè dúró dọ̀sán, ọ̀gá," ló dáhùn. "Ó ní ẹ jẹ́ kóun búra báyìí."

Báyìí ni Obuya ṣe búra. Feruzi ń sọ ọ́, òun náà ń sọ ọ́ tẹ̀lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fún un ní ṣòkòtò péńpé tó gbà á ní ìlọ́po méjì, àti kóńdó kan. Dókítà fún un ní iṣẹ́ àkọ́kọ́: kó lọ lé àwọn aláìsàn yẹn jáde kí wọ́n tó kó àrùn wọn ran gbogbo ọgbà.

Wọ́n ti wọ aṣọ wọn. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè. Obuya rọra ń bọ̀, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ọlọ́pàá," Magak wí.

"Wọ́n ní kí n lé yín."

"Lé wa nígbà náà."

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó dúró. "Magak, jọ̀ọ́. Ẹ bá mi ro oko náà kí òjò tó dé. Ẹ sọ fún Aluoch pé tipátipá ni wọ́n fi mú mi."

"Tipátipá? Èmi tí mo lé ẹ títí dé ẹsẹ̀ wọn?" Magak fi ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "A ó ro oko náà. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún aboyún."

"Kí lo máa wá sọ fún un?"

Magak kò tíì dáhùn tí ẹnì kan fi kan gíláàsì fèrèsé gbàgbàgbà. Dókítà ni, ó ń wò wọ́n. Ẹ̀rù sọ sínú Obuya. Ó gbé kóńdó sókè, ó sì jágbe mọ́ wọn: "Ẹ dìde! Ẹ kúrò níbí! Ẹ kúrò!"

Wọ́n dìde lóòótọ́. Ìyẹn ló ya Obuya fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n gbá ìdí wọn nù, wọ́n mú ọ̀nà ilé pọ̀n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bojú wẹ̀yìn. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi pòórá.

Dókítà ń pàtẹ́wọ́ fún un lójú fèrèsé. Obuya gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí, ó kí i bí ọlọ́pàá ṣe ń kíni, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bóun kò bá kí i, ó lè bínú.