Àwọn Ọmọ Ogun Tí Hermance Fọ̀

Hermance Poirel ní ogun mẹ́rìndínlógún nílé, gbogbo wọn ló gbé kọ́ sára ògiri. Nínú èyí tó wà lókè ibùsùn rẹ̀, ẹṣin méje ló ti kú. Nínú èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ìbọn àgbá ń rú èéfín débi pé àlejò tó bá wọlé á fẹ́rẹ̀ẹ́ húkọ́. Opó ni Hermance, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ogójì ọdún ló fi se ọbẹ̀ fáwọn ọmọléèwé ní Valmoncey, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, alápatà tó ń fi egungun kún ẹran nìkan ló sì bá jà rí láyé rẹ̀.

Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń fi ogun ṣe, á ní, “Ṣé èmi náà mọ̀ ni? Àwọn kan ń mutí. Èmi ń ra àwọn ọkùnrin tó ń já bọ́ lórí ẹṣin.”

Kì í ṣe àwòrán ẹ̀rọ o. Àwòrán tí wọ́n fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín sára bàbà pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n fi tàdáwà pa, tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, kí àwọn obìnrin tó wá jókòó tì í pẹ̀lú búrọ́ṣì, tí wọ́n ń fọwọ́ kun kóòtù kan tẹ̀ lé òmíràn, ìyẹ́ fìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ti pé àádọ́jọ ọdún tí àwọn obìnrin náà ti kú. Hermance máa ń kí wọn láàárọ̀ bó bá ń nu eruku férémù: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ẹṣin yìí dára, àmọ́ ta ló sọ fún yín pé imú ẹṣin máa ń pupa báyẹn?”

Ọkùnrin mẹ́wàá ní ìlú náà ní irú àìsàn yìí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òkè ilé kọfí tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń pàdé ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, obìnrin kankan ò sì bá wọn jókòó rí. Ó wu Hermance láti wọ ẹgbẹ́ náà bí oúnjẹ ṣe ń wu aboyún. Kì í ṣe oyè ló ń wá. Ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ ló ń wá. Nílé, Zélie ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀, lójú Zélie sì rèé, ẹṣin kan náà ni gbogbo ẹṣin, ogun kan náà ni gbogbo ogun, “àfi pé èyí ní igi.” Hermance ń fẹ́ jókòó láàárín àwọn tó lè fi odidi ọ̀sán jiyàn lórí bọ́tìnnì ọmọ ogun kan.

Òfin wọn le. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ mú àwòrán kan wá tí àwọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ayé ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni ò tún kùn lẹ́yìn náà. Wọ́n á gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n á gbé e sí ojú fèrèsé, wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ìpẹtà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe àwọ̀ ewé láyé ijọ́un, bó bá sì pẹ́, á jẹ bébà wọnú, á yọ lẹ́yìn ní àwọ̀ tíì. Bí ẹ̀yìn bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ gòkè. Bí ẹyọ kan ò bá gòkè, ó di ọdún méje kí onítọ̀hún tó tún lè padà wá. Ọdún méje! Hermance ṣírò ọjọ́ orí ara rẹ̀, ó rí i pé bí wọ́n bá lé òun lọ́tẹ̀ yìí, bóyá ni òun ò ní máa bá àwọn obìnrin tó kun ẹṣin wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀ lójúkojú nígbà tí ọdún méje bá fi pé.

Ó ní àwòrán tó tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àpótí aṣọ àlùfáà kan tó kú ló ti rí i: ogun kan lórí afárá, odò ní ìsàlẹ̀, àwọn igi lápá ọ̀tún, ẹlẹ́ṣin lápá òsì. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ kò ju pé àbàwọ́n rúsúrúsú ti ta sí i látòkè délẹ̀, bíi pé òjò ẹ̀wà pupa ń rọ̀ lé àwọn ọmọ ogun náà lórí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹgbẹ́ pàdé, Hermance rántí ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Évariste Thouvenot, alága ẹgbẹ́, sọ lọ́jà àlòkù. Apoògùn tó ti fẹ̀yìn tì ni Thouvenot, ìwọ̀n-ìwọ̀n ló máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọn oògùn. Ó ní inú bàsíà omi tútù lòun máa ń fọ àwòrán òun sí, tòun á wá tẹ́ ẹ sórí koríko nínú oòrùn, gbogbo àbàwọ́n á sì lọ. Hermance gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ó ṣẹ́ ku ìdajì ọ̀rọ̀ náà tí kò gbọ́, nítorí ó ń rìn sẹ́yìn láti ṣe bí ẹni tí kò fetí sílẹ̀: pé èyí tí kò ní àwọ̀ rárá, tó jẹ́ dúdú lórí funfun, lèèyàn ń fọ̀.

Ó pọn omi. Ó tẹ́ àwòrán náà sínú bàsíà bí ẹni ń tẹ́ ọmọ jòjòló. Ó ń fi ìka ta omi lé e, ó ń kọrin:

*Ẹ wẹ̀, ẹ wẹ̀, ọmọ ogun mi,*
*Lọ́jọ́ Àìkú la ń ròde;*
*Ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ fọ irùngbọ̀n,*
*Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn etí.*

Zélie wọlé pẹ̀lú páì èso lọ́wọ́. Ó yọjú sí bàsíà.

“Ìyàwó mi, omi rẹ ń yí padà o.”

“Ìdọ̀tí ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdọ̀tí àádọ́jọ ọdún, ẹ ò rí i bó ṣe ń jáde?”

“Ìdọ̀tí wo ló máa ń ní àwọ̀ búlúù?”

Hermance dákẹ́ orin. Ó wo omi. Búlúù ni lóòótọ́, pupa sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó gbé bébà náà sókè, ogun ti tán. Àwọn ọkùnrin orí afárá ti di funfun báláú, odò ti gbẹ, ẹṣin ti ṣí. Àbàwọ́n ẹ̀wà pupa nìkan ló jókòó síbi tó wà, kò mì.

“Ó ti mọ́,” ni Zélie wí.

Hermance jókòó sórí àpótí ìdáná, ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín mú un láìròtẹ́lẹ̀. “Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ọ̀tá tí àwọn yìí bá jà, ẹnì kankan ò lè bọ́ kóòtù lọ́rùn wọn. Èmi, pẹ̀lú bàsíà ìfọṣọ!”

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ti ra ọ̀dà olómi níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọmọléèwé, ó mú búrọ́ṣì tó fi ń pa ẹyin lórí búrẹ́dì, ó jókòó sídìí tábìlì ìdáná. Ọjọ́ méjì ló fi kùn ún, ahọ́n rẹ̀ yọ síta látàárọ̀ dalẹ́. Ó kun igi, ó kun odò. Nígbà tó débi àwọn ọmọ ogun, kò rántí àwọ̀ tí kóòtù wọn jẹ́, ṣùgbọ́n búlúù ló pọ̀ jù nínú ọ̀dà, nítorí náà gbogbo wọn wọ búlúù.

“O fẹ́ tan àwọn ọkùnrin yẹn jẹ nìyẹn,” ni Zélie wí.

“Èmi kẹ̀! Mo kàn ń dá aṣọ padà fún oníaṣọ ni.”

“Ó dáa náà. Àmọ́ èyí tó wà lápá ọ̀tún yìí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti di búlúù.”

“Òtútù ń mú un ni.”

Lọ́jọ́ Àìkú, Hermance wọ kóòtù ìsìnkú rẹ̀, èyí tó dára jù, ó gun àtẹ̀gùn ilé kọfí lọ sókè. Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá náà jókòó yí tábìlì ká, òórùn tábà gba gbogbo ibẹ̀ kan. Thouvenot nawọ́ gba àwòrán náà.

“Màdáámù Poirel, ṣé àwọ̀ ayé ìgbà náà ni?”

“Ẹ wò ó fúnra yín, Alága,” ló fèsì, ó sì ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n gbé e kiri. Ẹnì kan ní, “Háà, ẹ wo búlúù yìí! Ayé ìsinsìnyí ò lè po irú ẹ̀ mọ́.” Hermance sọ nínú ara rẹ̀ pé, Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pò ó, bàbá mi, lẹ́bàá ìkòkò ọbẹ̀. Anselme Colnot, àgbà wọn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, fi awò sójú, ó ní ìyá tó kun irùngbọ̀n yìí ní ọwọ́ o, òtútù hàn lára ọkùnrin náà. Zélie ì bá ti ṣubú bó bá wà níbẹ̀.

Thouvenot gbé e sí ojú fèrèsé, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú bébà. Omi bàsíà ò tíì lè bọ́ ohun tó ti jẹ wọnú bébà: àwọn igi hàn lẹ́yìn, ní àwọ̀ tíì, kedere.

“Ojúlówó,” ni Thouvenot wí. “Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ nawọ́ sókè.”

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìgbà yẹn gan-an ni Hermance gbé ojú sókè wo ẹ̀yìn àwòrán náà. Ó rí igi. Ó sì rí ohun mìíràn lábẹ́ igi: kóòtù mọ́kànlá tó tò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn ní àwọ̀ tíì. Kóòtù aláwọ̀ ewé làwọn yẹn wọ̀! Àwọn ọmọ ogun mọ́kànlá wọ ewé lẹ́yìn, wọ́n sì yọ síwájú nínú búlúù, bí ẹni pé wọ́n dúró pààrọ̀ aṣọ láàárín bébà. Ojú mẹ́wàá ń wò ó. Ẹnì kankan ò rí i.

Ẹ̀rín gun ún láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó ṣe bí ẹni ń húkọ́. Ọwọ́ mẹ́sàn-án ti wà lókè. Kó ṣáà dákẹ́, ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n ó ro bó ṣe máa rí: ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú láàárín àwọn èèyàn tó ti ń wá láti bá sọ̀rọ̀, kí ohun tó dùn jù tó ti ṣẹlẹ̀ sí i láyé wá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí kò ní lè sọ fún wọn. Ìyà wo nìyẹn?

“Alága,” ni Hermance wí, omi ẹ̀rín sì ń bọ́ lójú rẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka iye kóòtù ewé tó wà lẹ́yìn fún mi. Kí ẹ wá yí i síwájú.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: bàsíà, ìdọ̀tí búlúù, búrọ́ṣì ẹyin. Kò fi orin pàápàá pamọ́. Etí Thouvenot pọ́n.

“Ọdún méje!” ni Thouvenot wí. “Ó hàn gbangba. Ọdún méje!”

Ibẹ̀ ni Anselme ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì. “Évariste, dákẹ́ jàre. Ìwọ lo pè é ní ojúlówó, èmi ni mo yin irùngbọ̀n. Ta ló rí kóòtù nínú wa? Òun nìkan. Àwòrán tí wọ́n bá tún kùn, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń kọ ọ́ sí, ká má baà tan ẹni tó ń bọ̀ jẹ. Fún obìnrin náà ní pẹ́ńsù, kó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ká tún nawọ́.”

Hermance gba pẹ́ńsù. Ó kọ ọ́ lábẹ́ kóòtù mọ́kànlá náà: *Èmi Hermance Poirel ni mo fọ àwọn wọ̀nyí, èmi náà ni mo tún wọ̀ wọ́n láṣọ. Mo ṣi kóòtù wọn wọ̀ wọ́n.* Wọ́n tún nawọ́. Mẹ́sàn-án gòkè. Thouvenot ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ àpò.

“Yàtọ̀ sí ìyẹn,” ni Thouvenot wí, kò lè mú un mọ́ra, “kì í ṣe ewé lásán o. Ewé tó dúdú ni, kọ́là rẹ̀ sì pupa.”

“Kọ́là pupa kẹ̀, Alága? Èmi ní méjì nílé, kọ́là ofeefee ni.”

“Ofeefee? Màdáámù, ofeefee?”

“Ofeefee bíi bọ́tà. Ó sì dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n.”

“Kò débẹ̀ rárá! Ibí ló dé!” Thouvenot fa ọwọ́ yọ nínú àpò, ó nà án sókè sí ọrùn ara rẹ̀ láti fi ibi tí kọ́là dé hàn án.

“Mẹ́wàá,” ni akọ̀wé wí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Thouvenot ò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti fa àga kan fún Hermance, kó lè bá a jiyàn dáadáa.