Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ́jú Mẹ́ta fún Nọ́ọ̀sì Mary

Èmi Kìtán, mi ò ní purọ́: inú burúkú ni mo fi ṣe ẹ̀kọ́ yẹn. Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì wa ní Arakale, ní Àkúrẹ́, ni kí n máa ṣe ẹ̀kọ́ kéékèèké tí àwọn òṣìṣẹ́ lè fi fóònù wọn kọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Oǹdó ní kí a wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àwọn bí a ṣe ń gba aláìsàn, díẹ̀ ló kù kí n jó. Ilé ìwòsàn yẹn gan-an ni! Àṣegbé kan ò sí. Àṣepamọ́ ló wà.

Ibẹ̀ ni mo gbé ìyá mi lọ lọ́dún tó kọjá láti Bọ́lọ́rundúró, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì Mary tó ń gba aláìsàn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá, ẹ lọ jókòó jàre. Ṣé ẹ̀yin nìkan ni ara yín ò yá ní Oǹdó ni?" Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, aago kan ọ̀sán ti kọjá kí dókítà tó rí wa. Apá ọ̀tún ìyá mi kò gbéra mọ́ títí dòní. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ.

Mo wá fi ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀kọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu nọ́ọ̀sì náà gẹ́lẹ́. Mo ya nọ́ọ̀sì oníjígí bíi tirẹ̀ sí i, mo bi àwọn tó ń kọ́ ọ pé kí ló burú níbẹ̀. Ọ̀gá mi, Olúwọlé, ní ó ti le jù. Mo ní kò tíì le tó. Ohun tí mo fẹ́ ni kí obìnrin náà rí ara rẹ̀, kí ojú tì í níṣojú gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó, mo lọ dúró sẹ́yìn àga Nọ́ọ̀sì Mary. Ó wò ó tán, ó pòṣé. "Ìkà lèyí o! Ìyá ọlọ́mọ!" Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, kò ṣi ọ̀kan ṣoṣo. Mátírọ́ọ̀nù ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mà. Lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà yẹn. Ìyá mi lẹ sọ ọ́ fún."

Ó yíjú sí mi, ó ronú, ó ronú gidi.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "èwo nínú àwọn ìyá tó jókòó níbẹ̀ ni màmá yín?"