Ẹni Tó Ń Gbé Àkàbà

Ọ̀gá mi ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sára àpótí iná tí a bá so. Níbi iṣẹ́ ẹlòmíì, tí o bá ṣí àpótí iná lára ògiri, wàá rí i pé wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì kọ̀ọ̀kan: ti pálọ̀ nìyí, ti ilé ìdáná nìyí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Súwíìṣì méjìlá lè tò síbẹ̀, kí ọ̀kan má lórúkọ. "Tí oníbàárà bá mọ èwo ni èwo," ọ̀gá á ní, "kí ló tún fẹ́ máa pè mí fún?"

Ọgbọ́n burúkú nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi náà ní agídí tèmi. Bàbá mi ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ iná mọ̀ mí, nígbà tó wà láyé, kò sì fi àpótí kan sílẹ̀ rí láìkọ ọ́. Nítorí náà, ibikíbi tí mo bá ti so iná fún ọ̀gá, kí n tó de ìdérí àpótí, màá yí i padà, màá yọ pẹ́ńsù létí, màá kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ibẹ̀: súwíìṣì kìn-ín-ní títí dé ìkẹyìn, ọjọ́ tí mo so ó, àti àmì mi, igi kékeré kan tó ní ẹ̀ka mẹ́ta. Ọ̀gá ò mọ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti fọwọ́ kan àpótí iná kẹ́yìn. Tí kò bá sí nítòsí, Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni mò ń pè é.

Ọdún méje gbáko ni mo fi sìn ín. Èmi ni mò ń gun àkàbà, èmi ni mò ń gbẹ́ ògiri, ojú tèmi ni eruku ń wọ̀. Tí iṣẹ́ bá wá parí, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á dé, á tan iná kan ṣoṣo lójú oníbàárà. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o," á sì máa mi orí bí ẹni tó ti rẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi náà ni mò ń fọ mọ́tò rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Lẹ́tà kan ló dè mí mọ́lẹ̀.

Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò lè gba iṣẹ́ iná lórúkọ ara rẹ̀. Kí wọ́n sì tó jẹ́ kí o ṣèdánwò ìwé àṣẹ, ọ̀gá rẹ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé o ti fọwọ́ ara rẹ ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ọdún méjì ni mo ti ń bẹ ọ̀gá fún lẹ́tà yìí. Lónìí, á ní ká parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ná. Lọ́la, á ní orí ń fọ́ òun. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ pa, mo lọ dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mi ò sì kúrò níbẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa ìwé méjì yọ. Èkíní ni lẹ́tà mi, ó ti kọ ọ́ tán, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ló kù. Èkejì sọ pé màá bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin sí i, mi ò sì ní dá iṣẹ́ kankan gbà láàárín ìlú yìí.

"Fọwọ́ sí èkejì, kí n fọwọ́ sí èkíní," ó ní. "Ṣé mo burú?"

Mo gbé ìwé kejì lọ bá ìyá mi. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó gbé awò sí góńgó imú, ó kà á tán.

"Ọdún mélòó lo ti lò níbẹ̀?"

"Méje, Màámi."

"Mẹ́rin lé e lórí?"

"Mọ́kànlá ni."

"Tó bá wá fa ìwé kẹta yọ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá ńkọ́?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Tí mi ò bá fọwọ́ sí i, lẹ́tà ti lọ nìyẹn. Tí lẹ́tà bá lọ, ìdánwò lọ, abẹ́ ẹlòmíì ni màá wà títí irun orí mi á fi funfun.

Ìyá mi fi eyín gé òwú. "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàbá rẹ ò kọ́ ẹ níṣẹ́ kó o lè wá máa fọ mọ́tò."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, torí pé òótọ́ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dá ìwé ọ̀gá padà fún un láìfọwọ́ sí i. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Mi ò ṣe mọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "O fẹ́ máa lọ síbo?"

Ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ni mo gbà lọ tààrà. Ìyá aṣàyẹ̀wò tó wà níbẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ le, bàtà iṣẹ́ ló wọ̀. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí n mú òun lọ síbi iṣẹ́ tí mo ṣe, òun á ránṣẹ́ pe ọ̀gá mi, òun á sì fojú ara òun rí ẹni tó ni iṣẹ́. Mo mú ilé búrẹ́dì tó wà ní àdúgbò wa.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọ̀gá dé tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so àkàbà mọ́ orí mọ́tò. "Bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀," ó wí fún mi. Àbí ẹ ò rí ayé mi? Mo gbé e sọ̀. Ọdún méje ti mọ́ mi lára. Inú bí mi sí ara mi débi pé mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ìyá aṣàyẹ̀wò bi í bóyá èmi ni mo so iná ibẹ̀.

"Èyí?" Ọ̀gá na ọwọ́ sí mi. "Àkàbà ló máa ń gbé fún mi, mà. Èmi ni mo so ó."

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ní, "Ọ̀gá, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Mi ò rí yín lórí àkàbà rí."

"Ẹnu lásán ò tó fún mi," ni ìyá aṣàyẹ̀wò wí. "Ọ̀gá, ẹ bá mi pa iná ààrò, ààrò nìkan."

Ọ̀gá wúkọ́. Ó wo súwíìṣì méjìlá náà bí ẹni tó ń wo àlejò, ó sì tẹ ọ̀kan. Iná ṣọ́ọ̀bù kú, àwọn tó ń ra búrẹ́dì pariwo. Ó tẹ òmíràn, fáànù dúró. Ààrò ń gbóná lọ ní tirẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ oníyẹ̀fun bo ẹnu, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

Ìyá aṣàyẹ̀wò yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ìkeje ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ tú ìdérí yẹn, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ò ní wò ó."

Mo kọ̀yìn sí ògiri. Bí wọ́n ṣe tú u tán, mo bẹ̀rẹ̀: kìn-ín-ní, iná ìta, ìkejì, ṣọ́ọ̀bù, ìkẹta, fáànù, títí mo fi dé ìkejìlá. Mo sọ ọjọ́ tí mo so ó. Mo sọ pé igi ẹlẹ́ka mẹ́ta wà nísàlẹ̀. Ìlà kan wà tí mi ò kà. Ìyà yòówù kí ọ̀gá fi jẹ mí, ìyá mi ò kọ́ mi láti dójú ti àgbà ní gbangba.

"O fo ìlà kan," ni ìyá aṣàyẹ̀wò wí. Ó gbé ìdérí náà sínú ìmọ́lẹ̀, ó sì kà á sókè. "'Ìkeje, ààrò. Ọ̀gá ní kí n fi waya tín-ín-rín sí i. Mo fi sí i ní Sátidé. Mo padà wá ní Sọ́ńdè, mo fi waya tó nípọn tí bàbá mi fi sílẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kí ilé má baà jó.'"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó wo ààrò tó ti ń dúró tì fún ọdún mẹ́ta, ó wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ìyá aṣàyẹ̀wò ò tún bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù mi sórí tábìlì ìyẹ̀fun, ó fọwọ́ sí i. "Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni ìdánwò. Má pẹ́ dé." Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Ọ̀gá tẹ̀ lé mi jáde. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bàbá àti ọmọ kì í fi irú èyí bínú síra wọn. Iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀ lọ́la. Gbé àkàbà yẹn sórí mọ́tò, ká máa lọ."

Mo gbé àkàbà. Mo rí Ìyá Oníbúrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà tó ń mi orí sí mi pé rárá. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá, mo sì gbé e lé èjìká ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn.

"Ẹ ní àkàbà ni mò ń gbé, sà. Ibi tí mo gbé e dé nìyí."

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Bó ṣe yí padà, ẹsẹ̀ àkàbà gbá dígí mọ́tò rẹ̀, ó fọ́. Mi ò dúró wò ó tán, torí Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń pè mí. Ó ní kí n wá kọ orúkọ súwíìṣì kọ̀ọ̀kan síwájú àpótí, níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Mo yọ pẹ́ńsù létí. Ó ní rárá, ó fún mi ní bírò dúdú tó nípọn. Mo kọ méjèèjìlá gàdàgbà, mo sì kọ orúkọ mi sísàlẹ̀.