Ìwé Tí Kò Ní Iná Nínú

Diákónì Akínlóyè kì í sá fún àríyànjiyàn. Ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì gba Harpurhey ní Manchester kọjá láàárín àwọn ọ̀mùtí lọ́jọ́ Sátidé, kí ni yóò tún bà á lẹ́rù? Nítorí náà, nígbà tí Adémiládé ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ ra ẹ̀rọ ìkàwé, irú èyí tí ìwé ń hàn lójú rẹ̀, lọ́dún 2012, tó ní, "Dad, ẹ mú èyí tó ní light nínú," ńṣe ni Diákónì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí òròmọdìyẹ tó fẹ́ kọ́ àṣá ní fífò.

"Ìwé tó bá ń tan iná, tẹlifíṣọ̀n ni. Bàbá bàbá mi kàwé títí ó fi kú, ìwé kan ò tanná fún un rí."

"Bí ibi tẹ́ẹ wà bá ṣókùnkùn ńkọ́?"

"Manchester ló ń ṣókùnkùn. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í ṣókùnkùn."

Ó ra èyí tí kò ní iná. Lẹ́tà rẹ̀ ṣáà ń tóbi bí èèyàn bá ṣe fẹ́, ohun tí Diákónì sì ń wá nìyẹn, torí ojú ló kó bá a lọ́dún tó kọjá: ó fo odindi ìlà mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì ti Kérésìmesì. Ọdún méje ló ti ń ka ẹ̀kọ́ yẹn fún ìjọ. Pásítọ̀ Adéoyè ti wá là á mọ́lẹ̀ fún un: bó bá tún kọsẹ̀, Bùrọ́dà Ṣẹ̀san ni yóò gbà á. Ṣẹ̀san, ọmọ àná, tí ẹ̀rọ ìkàwé tirẹ̀ ń tàn bí òṣùpá!

Ọjọ́ pé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kejìlá, ìta ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Diákónì gun orí pèpéle, ó tún táì ṣe, ó gbé ẹ̀rọ sókè. Bó ṣe lanu báyìí ni ẹ̀mí gbé Pásítọ̀.

"Ẹ pa gbogbo iná! Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ la fẹ́ gbọ́, inú òkùnkùn ló ti ń dùn!"

Wọ́n pa á. Ẹni tó fi gbọ̀ngán háyà fún ìjọ kò sì gbà kí wọ́n tan àbẹ́là. Èéfín díẹ̀ báyìí, aago ìkìlọ̀ iná á ké.

Diákónì wo ojú ẹ̀rọ. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ó ní kí òun sọ lẹ́tà di ńlá, bóyá yóò hàn. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó tẹ òmíràn.

Àfi bí ẹ̀rọ ṣe la ohùn! Òyìnbó kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa kàwé sókè fún ẹni tó bá rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná kún ẹnu rẹ̀. Máíkì gbé e ká gbogbo gbọ̀ngán.

"Halelúyà!" Màmá kan figbe ta láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀mí ti bà lé Diákónì! Èdè àjèjì ló ń fọ̀!"

Gbọ̀ngán dàrú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò sókè. Adémiládé nìkan ló ti orí bọ abẹ́ àga, tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Diákónì rí bọ́tìnnì, ó pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́. Orí rẹ̀ wú. Ṣẹ̀san wo ló tún kù?

"Ògo!" ni Pásítọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọ èdè nínú ìjọ yìí, ó gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Diákónì, ẹ túmọ̀."

Irọ́ kékeré kan ṣoṣo ló kù kí oríyìn di tirẹ̀. Diákónì lanu kó pa á, irọ́ ọ̀hún kọ̀, kò jáde.

"Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí," ó ní, ohùn rẹ̀ le bí ti ẹni tó jàre. "'Akínlóyè olóríkunkun, ò bá ti gbọ́ ti ọmọ ẹ. Èyí tó ní iná ni ò bá rà.' Ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará. Èmi ò ríran!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Nínú òkùnkùn, òṣùpá kékeré kan dìde, ó ń rìn bọ̀. Ṣẹ̀san ni. Ó tẹríba, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ẹ̀rọ tirẹ̀.

"Ẹ lo tèmi, sà. Mi ò ní jókòó kí àgbà máa ṣubú."

Diákónì ka ẹ̀kọ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fo ìlà kan.

"Diákónì, ẹ̀yin náà ni yóò kà á lọ́dún tó ń bọ̀," ni Pásítọ̀ wí.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Adémiládé yọ́ sún mọ́ bàbá rẹ̀. "So, Dad, ẹ máa wá ra èyí tó ní light?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Diákónì gbé àyà síwájú. "Nígbà tí Ṣẹ̀san wà?"