Mọ́kàndínlógún Ni Mo Rí

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ láàbù kẹ́mísìrì, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ka òfin fún wọn títí irùngbọ̀n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hù lójú àwọn obìnrin. Òfin kìíní, bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátá. Òfin kejì, awò ojú ò gbọdọ̀ kúrò lójú, kódà kí ojú máa yún ọ bíi pé èèrà ń ṣèpàdé níbẹ̀. Òfin kẹta, ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kó o tó da nǹkan kan jáde nínú rẹ̀. Òfin kẹrin, ásíìdì ni wọ́n ń dà sínú omi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da omi sínú ásíìdì, àfi ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti sú. Nígbà tó fi máa dé òfin kẹwàá, ebi ti pa ogójì akẹ́kọ̀ọ́ débi pé wọ́n ti ń wo iyọ̀ inú ìgò bí oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ òfin karùn-ún ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sọ ọ̀gá náà ní Òfin.

Òfin kẹfà ló wá di wàhálà.

"Bíírò ni kẹ́ ẹ fi kọ̀wé, kì í ṣe pẹ́ńsù," Òfin sọ, ó ń na ìka sókè. "Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fojú yín rí ni kẹ́ ẹ kọ. Tẹ́ ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e lórí, ẹ kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá pa nǹkan kan rẹ́, èmi náà á pa orúkọ ẹ̀ rẹ́."

Ọmọbìnrin kan wà níbi tábìlì ẹ̀yìn tí gbogbo wọn ń pè ní Ọmọ Télọ̀. Àwọn tó kù lọ ra kóòtù funfun ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni ìyá tirẹ̀ fi rán ti ọmọ rẹ̀. Kóòtù náà bá a mu bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọn, àmọ́ òdòdó pupa kan ṣì ń yọjú lábẹ́ apá. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí òdòdó yẹn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gíláàsì fèrèsé.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ó dá wọn lóhùn. "Tí ásíìdì bá jó tiyín, ẹ ṣáà máa wá bẹ màmá mi."

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá yẹn ló dàgbà sí. Ojú ẹ̀ ló ṣe nígbà tí oníbàárà kan, obìnrin tó gba ẹnu ọ̀nà tán kó tó wọlé, sọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ létí pé, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ìbàdí yẹn kù díẹ̀ nínú ìwé." Ìyá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ohun tí téépù sọ ni mo kọ, àǹtí mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dín, ìkòkò yín ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀."

Iṣẹ́ apoògùn ni Ọmọ Télọ̀ fẹ́ kọ́, ó sì ti fẹ́ ẹ láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ò tíì pé. Ẹni tó bá sì gba òdo ní láàbù yìí, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ apoògùn. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ẹ̀ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Òfin gbé iṣẹ́ ńlá lé wọn lọ́wọ́. Olúkúlùkù á wọn omi sódà sínú ìgò kékeré, á kán oògùn kan sí i títí á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Á wá jẹ́ kí ásíìdì máa kán sínú rẹ̀ láti inú bùrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì gígùn tí wọ́n fín nọ́ńbà sí lára, tó ní ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀. Ẹ̀kán kan ṣoṣo báyìí ni pupa yẹn á pòórá wáí, omi á mọ́ gaara. Wọ́n á ka iye ásíìdì tó jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é.

Kò pẹ́ tí Gbajúmọ̀, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ wà ní tábìlì kan, fi yọ ìwé gbígbó kan jáde lábẹ́ kóòtù.

"Ẹ̀gbọ́n mi ṣe kíláàsì yìí lọ́dún tó kọjá," ó rọra sọ. "Mẹ́rìnlélógún ààbọ̀ ni. Ọdọọdún ni. Kọ ọ́ sílẹ̀ ká lọ sinmi."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ló wà nínú bùrẹ́ẹ̀tì mi ni?"

"Wò ó, ìwọ náà lágídí jù!"

Nọ́ńbà náà ràn kálẹ̀ ju ọ̀fìnkìn lọ. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógójì ti fọ gíláàsì wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ọmọ Télọ̀ nìkan ló ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé pẹ̀lú omi inú bùrẹ́ẹ̀tì. Ó ti ka ara ìgò ásíìdì, ó sì da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n pò ó. Ọrùn ń ro ó bíi pé ó ru ilé alájà mẹ́ta. Mọ́kàndínlógún. Ó fọ ìgò, ó tún un ṣe. Mọ́kàndínlógún. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, mọ́kàndínlógún náà ni.

Òfin ń kiri tábìlì pẹ̀lú ìwé ìdáhùn rẹ̀, ó ń sọ pé "ó dáa, ó dáa, ó dáa," títí ó fi dé ẹ̀yìn.

"Kí lèyí?"

"Mọ́kàndínlógún ni, sà."

"Gbogbo kíláàsì rí mẹ́rìnlélógún ààbọ̀."

"Èmi ò rí i, sà."

"Pa á rẹ́, kó o kọ ohun tó tọ́. Àbí kí n fún ẹ ní òdo?"

Ọmọ Télọ̀ rò ó wò: orúkọ tí wọ́n á yọ, ìyá rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó dìde, ó gbọn eruku eékún nù.

"Mi ò ní pa á rẹ́. Òfin kẹfà, sà. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́."

Inú bí Òfin débi pé etí rẹ̀ lè gbóúnjẹ kaná. "Ó dáa! Èmi fúnra mi ni mo máa ṣe é báyìí. Tí mo bá rí mẹ́rìnlélógún ààbọ̀, o ò ní wọ ilẹ̀kùn yìí mọ́ láyé ẹ."

"Mo gbà, sà."

"Ọmọ Télọ̀, bẹ̀ ẹ́ o!" Gbajúmọ̀ ń fà á láṣọ. Ọmọbìnrin náà gba aṣọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Òfin ti fọwọ́ kan bùrẹ́ẹ̀tì gbẹ̀yìn. Bó ṣe fẹ́ ṣí ẹ̀rọ, Ọmọ Télọ̀ ní, "Awò ojú, sà. Òfin kejì."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ di ikọ́. Òfin wọ awò. Ásíìdì ń kán. Ogójì ènìyàn gbàgbé láti mí. Bó ṣe kọjá méjìdínlógún díẹ̀, pupa yẹn ń ṣá. Ẹ̀kán kan sí i, omi mọ́ gaara.

Òfin tẹ̀ ba, ó wò ó. Ó tún wò ó.

"Ẹ kà á síta, sà," Ọmọ Télọ̀ sọ.

"Mọ́kàndínlógún."

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ìgò, àgbàlagbà tó ń po omi gbogbo tí wọ́n ń lò ní láàbù, gbójú sókè níbi tó ti ń fọ ìgò. "Ọ̀gá, ásíìdì ti tẹ́lẹ̀ ti tán. Mo po òmíràn nígbà tẹ́ ẹ wọlé sáà yìí, ó le ju tàtijọ́ lọ. Mo kọ ọ́ sára ìgò, lẹ́tà tó tó orí mi. Mo ṣe bí àwọn tó wà nílé ìwé máa ń kàwé ni."

Òfin yọ ìwé ìdáhùn rẹ̀, ó fẹ́ fà á ya. Ọmọ Télọ̀ na bíírò sí i.

"Ìlà kan ṣoṣo, sà. Kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú."

Ọ̀gá gba bíírò. Ó fa ìlà kan lé mẹ́rìnlélógún ààbọ̀, ó kọ mọ́kàndínlógún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Ó mú ìwé Ọmọ Télọ̀, ó kọ máàkì tó pé pérépéré sí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn tó kù.

"Ẹ gbé gíláàsì yín. Gbogbo yín. Ẹ tún un ṣe."

Gbajúmọ̀ sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àǹtí mi, jọ̀ọ́, bá mi wo tèmi."

Ọmọ Télọ̀ bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó jẹ́ kí òdòdó yẹn wà lókè.

"Kúnlẹ̀ kó o wò ó fúnra ẹ."