Òòlù Lẹ́yìn Ògiri

Òòlù balẹ̀ gbì, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ.

"Dẹ́rẹ́bà! Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé yìí pa mí ni?"

Ohùn ọkọ rẹ̀ jáde láti òdì kejì ògiri, eruku ti há a lọ́fun. "Balùwẹ̀ nìkan ni mo ń wó. Ìwọ ṣáà mú sùúrù."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀, ó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, bí ewé tí atẹ́gùn kò tíì pinnu ohun tí yóò fi ṣe. Ó gbé ọwọ́ òsì lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò dúró. Òòlù tún balẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀, nítorí bí odindi ilé bá ń mì, ta ni yóò bi ọwọ́ léèrè pé kí ló dé tó ń mì?

Bẹ́ẹ̀ ló ti ń rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ní òun fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe. Oníbàárà á wọlé, á rí i pé òwú kọ̀ kò wọ ojú abẹ́rẹ́, á fẹ́ la ẹnu, òòlù á sì dún. Aránṣọ á mi orí. "Ẹ ò rí nǹkan tí ọkùnrin yìí ń fi ojú mi rí!" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Dókítà tó yẹ ọwọ́ náà wò kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ọwọ́ yẹn kò ní í padà sí bó ṣe wà mọ́. Ó ní ọwọ́ ni àìsàn náà máa ń kọ́kọ́ mú, tó bá yá, á yà sí ẹsẹ̀. Ó ní kí Aránṣọ lọ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Aránṣọ dúpẹ́, ó jáde, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan téèyàn ò fẹ́ kó wọlé, a kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà pe orúkọ rẹ̀. Àti pé bí Dẹ́rẹ́bà bá fi lè gbọ́, yóò ní kí ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ó wá ibì kan jókòó sí. Ìdí ẹ̀rọ yìí ló ti tọ́ ọmọ dàgbà. Ìdí rẹ̀ náà ló ti di ẹni tó ní orúkọ. Bí aránṣọ kò bá lè mú abẹ́rẹ́ mọ́, kí ni wọ́n ó máa pè é?

Òòlù ń bá a bo àṣírí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n balùwẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bà á lẹ́rù.

Kò sí ohun tó ṣe balùwẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Kò jò, kò sán. Dẹ́rẹ́bà sì rèé, bọ́ọ̀sì ló wà títí irun orí rẹ̀ fi funfun, kò fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì rí láyé. Ó kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, ó ki òòlù mọ́lẹ̀, ó kọjú sí táìlì ara ògiri. Ó hú ọpọ́n ìwẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ibi tí ọpọ́n náà fẹ̀yìn tì wá di kòtò tóóró, ó gùn bí ẹni tó na gbalaja, erùpẹ̀ inú rẹ̀ dúdú, ó tutù, ó sì ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ó fẹ ẹnu ọ̀nà sí i, ó fẹ̀ ẹ́ débi pé èèyàn méjì lè jọ wọlé láì fara kanra. Ọkùnrin tó jẹ́ pé àlá tó lá lóru, kó tó fọ ẹnu ni yóò ti rò ó tán, kò ṣàlàyé kan báyìí.

"Aránṣọ!" ó tún pè é. "Wá ná."

Ó wọlé, ó rọra yẹ̀ fún kòtò.

"Jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí."

"Kí ni mo fẹ́ fi jíjókòó ṣe nínú eruku?"

"Ṣáà jókòó. Ó dáa. Na ọwọ́ sára ògiri bíi pé o fẹ́ dìde. Rárá, kì í ṣe ìyẹn. Ti òsì."

Aránṣọ ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ aṣọ. "Kí ló dé tó fi jẹ́ ti òsì?"

"Apá ibẹ̀ ni ògiri wà."

Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó fa ìlà kan síbi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé. Ó ní kí ó dìde, ó tún fa òmíràn. Ó kúnlẹ̀, ó wo ibi tí orúnkún Aránṣọ dé lára ògiri, ó fa ìkẹta. Ó ń kùn lábẹ́ èémí bí ẹni tó ń ka nǹkan sórí. Aránṣọ ti wọn èèyàn láti kékeré, kò sí ẹni tó wọn òun náà rí. Ó sì mọ̀ pé lẹ́yìn aránṣọ, káfíńtà tó ń kan pósí nìkan ló kù tó ń wọn èèyàn, ẹni tó bá sì wọ̀n kì í dìde wá gba ọjà rẹ̀.

Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Aṣọ wo lẹ wá fẹ́ rán fún mi báyìí, bàbá?"

Dẹ́rẹ́bà, tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á jù.

Bó ṣe ń jáde, ó rí i pé igi ilẹ̀kùn ti ṣófo níbi tí bóòtù tí wọ́n fi ń tì í láti inú máa ń wà.

"Bóòtù yìí ńkọ́?"

"Ó ti dípẹtà. Mo yọ ọ́ dànù."

Bóòtù náà wà nínú garawa ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dán. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni Aránṣọ fúnra rẹ̀ fi ń kùn ún. Ó wò ó. Ọkọ rẹ̀ ti purọ́ fún un, kò sì fi ara balẹ̀ pa á dáadáa.

Níwọ̀n bí balùwẹ̀ ti di ahoro, ilé Bíríkìlà, aládùúgbò wọn, ni wọ́n ti ń lọ wẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí Aránṣọ dé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òsì.

"Ìyàwó wa! Ẹ̀gbọ́n ti rí jíà ògiri yẹn àbí kò tíì rí i?"

"Ẹ bá mi bi í o. Ó ní òun ò nílò bíríkìlà kankan láyé yìí."

"Ẹ má dà á lóhùn. Ẹni tó bá ń wa ògiri bí ẹni ń wa bọ́ọ̀sì, kó ṣáà máa fọn fèrè ni." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó dáadáa, ìyàwó wa. Mo yọjú sí i lánàá nígbà tẹ́ ẹ lálejò. Gbogbo táìlì ti wá sílẹ̀ tán, ó ṣì ń lu ògiri lójú kan. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá nínú búlọ́ọ̀kù? Ó ní kí n máa lọ."

"Bóyá àṣìṣe ni."

"Ó dáa, ti irin ńkọ́? Ó bi mí pé irin wo ló lè gbé gbogbo ìwúwo èèyàn dúró, tí kò ní í já. Mo ní háà, ta lẹ fẹ́ gbé kọ́? Ó kàn ń wò mí ni. Ojú yẹn, mi ò fẹ́ràn rẹ̀."

Aránṣọ wọlé lọ wẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá òun fi ọṣẹ para. Kòtò tó gùn bí èèyàn. Irin tó lè gbé èèyàn dúró. Ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì láti inú. Ó da omi tó kù sára lẹ́ẹ̀kan náà, ó sáré wọṣọ, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀ kò di bọ́tìnì. Ó fi ìborùn bo àyà, ó sì gba ilé lọ.

Kò bá Dẹ́rẹ́bà nílé, ó ti lọ ra sìmẹ́ǹtì. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà gbígbòòrò náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fa téèpù rẹ̀ yọ lọ́rùn, ó wọlé.

Irin kan ti wà lára ògiri, tí ìṣó gígùn dè mọ́lẹ̀ pinpin. Kò sí lókè àjà. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló wà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bà á láì wá a, ó sì mú un ṣinṣin, bí ìgbà tí irin náà ti ń retí ọwọ́. Ó fi téèpù wọn ìlà pẹ́ńsùlù. Ti ìsàlẹ̀, orúnkún òun. Ti òkè, ìgbọ̀nwọ́ òun. Ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ bí ó ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ga fíofío, kò sì sí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀ tó bá gíga rẹ̀ mu.

Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ sì ń wọlé wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n hú ọpọ́n kúrò nítorí ẹsẹ̀ tí kò ní í lè ré e kọjá mọ́. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀ nítorí àga oníkẹ̀kẹ́. Bóòtù kúrò kí ẹni tó bá ṣubú sínú má baà wà níbẹ̀ ní òun nìkan.

Ó mọ̀. Dẹ́rẹ́bà mọ ti ọwọ́, ó mọ ti ẹsẹ̀ tí kò tíì dé. Ta ló sọ fún un? Aránṣọ rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń wakọ̀: kì í yí ọrùn, ojú rẹ̀ kì í kúrò ní títì, síbẹ̀ inú dígí kékeré iwájú ló ti ń rí èrò tó ń sùn, èyí tó ń sunkún àti èyí tó fẹ́ sọ̀ láìsanwó.

Ẹ̀rù rẹ̀ kò fò lọ. Ṣe ló tún jókòó dáadáa. Yàrá yìí kì í ṣe ti obìnrin tó jókòó sínú rẹ̀ yìí. Ti obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá dà ni, wọ́n ti ń tún ilé ṣe dè é.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì rú u lójú. Lára ògiri tó bá yàrá ìránṣọ pààlà, kò sí ìlà, kò sí irin, ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti lù títí ó fi jìn bí abọ́.

"Aránṣọ o! Aṣọ ọmọ mi dà?"

Oníbàárà kan ni, ìyá ìyàwó tuntun, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí lọ. Bọ́tìnì ọrùn ló kù lára aṣọ ìgbéyàwó náà, obìnrin náà sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé òun ò ní í kúrò láìgbé e. Aránṣọ jókòó tì í. Bó ṣe mú òwú, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, tí àpò sìmẹ́ǹtì balẹ̀. Òwú gba ọ̀tún abẹ́rẹ́ kọjá, ó gba òsì kọjá.

Obìnrin náà tẹ̀ síwájú. "Ṣé kò sí nǹkan o? Kí ló dé tí ọwọ́ yín ń..."

Gbì.

Ìyá ìyàwó fò sókè, ó di etí méjèèjì. "Ẹ gbà mí! Ṣé ọkọ yín ò mọ̀ pé èèyàn wà nílé ni?"

Aránṣọ la ẹnu láti sọ èyí tó máa ń sọ. Kò jáde. Òòlù ń dún lójú kan náà, ní ẹ̀yìn àga rẹ̀ gan-an, ó ń dún bí ẹni tó ń sáré.

"Ó mọ̀," ló sọ. "Ó mọ̀ pé èèyàn wà nílé."

Ó fi ọwọ́ òsì rán bọ́tìnì náà. Ó pẹ́ kó tó mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ́. Bí ilẹ̀kùn iwájú ti pa dé lẹ́yìn oníbàárà, òòlù dákẹ́.

Ó bá Dẹ́rẹ́bà níwájú ihò náà, eruku ti sọ ọ́ di funfun láti orí dé ìpéǹpéjú. Ẹnu àpò sìmẹ́ǹtì ṣì wà ní rírán. Bó ṣe rí i, ó tún gbé òòlù sókè.

"Ó ti lọ," Aránṣọ sọ. "Ẹ gbé e sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀. Aránṣọ yọ ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ aṣọ, ó nà án sáàárín àwọn méjèèjì. Nǹkan mìíràn kankan kò mì nínú ilé. Ọwọ́ nìkan ló ń gbọ̀n. Dẹ́rẹ́bà kò gbé ojú kúrò, kò sì pe orúkọ nǹkan náà. Aránṣọ náà kò pè é.

"Irin yẹn ga jù," ó sọ níkẹyìn. "Ìdúró mi ti òní lẹ wọ̀n. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kò ní í bá mi mu mọ́."

Ọkọ rẹ̀ nu ojú. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó nà án sí i. "Bá mi fà á, Ọ̀gá Aránṣọ."

Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó yí kòtò ká lọ síbi ògiri. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ilé pa rọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ló ti gbọ́ ohun kan tó ń wọ́ tẹ̀lé òun lórí yanrìn, tí ó ń há díẹ̀, tí ó tún ń wọ́. Ó dúró. Ohun náà dúró. Ó gbé ẹsẹ̀, ohun náà tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún òun ni. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀, ó rí i lójú rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ ọ.