Ìbéèrè Tí Sylvanus Fò

Ìgbà méjì ni Sylvanus, akọ̀wé kánsù ní Ọ̀wọ̀, ti ṣe ìdánwò ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà méjèèjì ló sì fìdí rẹmi. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé o! Tí ẹ bá jí ọkùnrin náà lójú oorun, ojú ewé tí ẹ bá fẹ́ ni yóò kà sí yín létí. Iṣẹ́ tó ń lé ni ti àwọn tó ń fi ìṣirò wá bí ènìyàn ṣe ń pẹ́ láyé sí, kí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè mọ ohun tí wọn yóò máa gbà. Boniface bàbá rẹ̀, katikíìsì Ìjọ Àgùdà tó ti fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá.

"Ta ló rán yín ní iṣẹ́ ọjọ́ ikú?" bàbá a máa bi í.

"Bàbá, a kì í wá ti ẹnì kan ṣoṣo. Nínú ẹgbẹ̀rún ẹni ogójì ọdún, mélòó ni yóò rí ọdún tó ń bọ̀? Ìyẹn là ń wá."

"Ẹ máa wá a lọ."

Ní 1957 yìí, ọ̀rọ̀ di kànńpá. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ti fi àyè dè é, ṣùgbọ́n tí kò bá yege lẹ́ẹ̀kẹta yìí, wọn yóò mú ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lọ gba kóòtù rẹ̀ lọ́dọ̀ Rùfáì télọ̀ láàárín ìgboro. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ku ọ̀túnla, aṣọ kún inú ṣọ́ọ̀bù débi pé kò sí ibi tí èèyàn ń tẹ̀. Agbádá kan wà lórí máṣíìnì tí ọrùn rẹ̀ kọ̀, tí kò jókòó. Rùfáì tú u, ó tún un rán, ọrùn ò gbà. Ló bá ká agbádá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa ṣòkòtò yọ.

"Bùrọ̀dá Rùfáì, ẹ ò ní parí ìyẹn ni? Òun lẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

Rùfáì rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ṣòkòtò mẹ́fà ló wà nílẹ̀ yìí tí mo lè rán láìwojú wọn. Tí mo bá jókòó ti ọrùn ẹyọ kan, ṣé ìhòòhò ni kí àwọn mẹ́fà lọ kírun? Tí mo bá rán wọn tán, ara mi á balẹ̀, màá padà sí i."

Sylvanus gba kóòtù rẹ̀, ó ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Ní ilé Boniface, ọmọ kì í fo ìbéèrè. Tó o bá gbàgbé ìkọkànlá nínú kátíkísímù, ìwé ìbéèrè ìgbàgbọ́ Àgùdà, ìkejìlá di èèwọ̀. Ẹgba á bà ọ́ ní ojúgun, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní. Ìkọkànlá yẹn ni kò wọ Láníyì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí. Bàbá wọn nà án títí ó fi sá kúrò nílé àti nílé ìwé. Oko ló ń ro ní Òkèlúsè báyìí, ó di Kérésì kó tó yọjú sílé. Sylvanus ní tirẹ̀ gbọ́ràn, ó gbọ́ràn títí dé inú gbọ̀ngàn ìdánwò: ẹ̀ẹ̀mejì ni ìbéèrè kìn-ín-ní há a, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì bá a jìjàkadì títí àkókò fi lọ.

Ó délé, ó sọ fún Monica ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, bí ìbéèrè kìn-ín-ní ṣe ń jẹ àkókò mọ́ òun lọ́wọ́.

"Wákàtí kan ààbọ̀ lórí ẹyọ kan?" Monica pariwo. "Bàbá Veronica, ẹ fẹ́ pa mí!"

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun ló ń darí ìwé kíkà ọkọ rẹ̀. Ó kó ìbéèrè àwọn ọdún tó kọjá jáde, ó gbé aago sórí tábìlì. Ó ní kó ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó mú kálámù. Kó sàmì sí èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó kọ́kọ́ ṣe é. Ogún ìṣẹ́jú péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé kí gbogbo ọ̀nà tó gbà dé ìdáhùn hàn lórí ìwé. Tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, Monica á fa bébà yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n jà o! Sátidé àkọ́kọ́, inú bí Sylvanus débi pé kò jẹun ọ̀sán. Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹta, ó ti ń ṣe mẹ́fà nínú mẹ́jọ, ó sì ń rí àyè padà sẹ́yìn.

Ọjọ́ ìdánwò pé ní Ìbàdàn. Ìbéèrè kìn-ín-ní, kò rí irú rẹ̀ rí. Ojúgun rẹ̀ gbóná bí ẹni pé ẹgba ń bọ̀. Àgbà ọkùnrin! Ó ka gbogbo rẹ̀ tán, ó ṣí ojú ewé kejì, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkẹta.

"O dáhùn gbogbo rẹ̀?" bàbá bi í nígbà tó dé.

"Rárá, Bàbá. Mo fo ìkíní."

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i.

Oṣù kẹjọ ni lẹ́tà dé. Sylvanus yege. Monica ń jó kiri àgbàlá nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé lẹ́tà náà lọ bá bàbá. Boniface wọ awò ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìkíní tó o fò ńkọ́?"

"Mi ò padà débẹ̀, Bàbá. Àkókò ti lọ."

"Wọ́n sì gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Láníyì ẹ̀gbọ́n rẹ," ó wí, "àwọn tó kù lẹ́yìn ìkọkànlá yẹn, ṣé ó mọ̀ wọ́n?"

"Ó mọ gbogbo wọn, Bàbá. Òun ló kọ́ mi."

Omi lé ròrò sójú àgbàlagbà náà, kò sì nù ún. Ó ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀, ó wá bèèrè ọjọ́ tí lọ́rì Òkèlúsè máa ń gbéra.